Èsì: "Owó-àjò" kọ́ ni owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé

Láti ọ̀dọ̀: Akọ́mọlédè, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Àbá tó wọlé lánàá ní kí á máa pe owó tí àwọn ọmọ wa ní òkè òkun ń fi ránṣẹ́ sílé ní "owó-àjò", kí á sì máa pe àwọn fúnra wọn ní "ọmọ-ìfọ́nká". N kò fara mọ́ ọ̀kankan.

Owó àjò ni owó tí arìnrìn-àjò ń ná lójú ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jáde, kì í wọlé sílé baba rẹ̀. Bí atẹ̀wé bá sì ṣèèṣì fi àmì sábẹ́ o, ó di owó àjọ, alájọ dé nìyẹn. "Owó ìfiránṣẹ́" ni kí á lò.

Ohun tó mú mi le ni pé oríṣi owó mẹ́ta ni àwọn ìwé ìròyìn ń dà pọ̀. Èyí tí wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé àti oògùn ìyá, ẹ̀bùn ni. Bánkì Àgbáyé ṣírò ti Nàìjíríà sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 19.5 dọ́là ní 2023. Èyí tí ìjọba yá lọ́wọ́ àwọn ọmọ òkè òkun wọ̀nyí ní oṣù Kẹfà 2017, mílíọ̀nù 300 dọ́là fún ọdún 5, pẹ̀lú èlé 5.625 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, gbèsè ni. Èyí tí ẹnìkan fi dá oko adìẹ sílẹ̀, òwò ni. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan á máa bi ìjọba pé ọ̀nà wo ni wọ́n fi bílíọ̀nù 19 ṣe, nígbà tí owó ọ̀hún kò gba àpò ìjọba kọjá rárá.

Láti ọ̀dọ̀: Ìyá Olùkọ́, Ìbàdàn

Àbúrò mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n "ìfiránṣẹ́" tìrẹ náà kò mọ́. Owó ọkọ̀ ni ohun tí a san kí ọkọ̀ lè gbé wa. Owó ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tó bá gbọ́ "owó ìfiránṣẹ́" á rò pé iye tí àwọn tó bá wa fi ránṣẹ́ gbà ni. Ìyẹn wà lọ́tọ̀, kò sì kéré. Lórí dọ́là 200 tó ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà gúúsù Sàhárà, nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ, dọ́là 16. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ́ kó má tó 3 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá fi máa di 2030. Dọ́là 6 kò ní pé. Ojú ibi méjì ló ń gbà lọ: owó iṣẹ́ tí wọ́n kọ síta, àti iye tí wọ́n fi ṣẹ́ dọ́là sí náírà. Ibi kejì yìí lojú kì í tó. Ẹni tó bá polówó pé ọ̀fẹ́ lòun ń bá èèyàn fi ránṣẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ wò dáadáa.

À- ló yẹ níwájú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ì-. Ìkójọ ni kíkó, àkójọ ni ohun tí a kó jọ. "Àfiránṣẹ́", ó parí, láìfi owó síwájú rẹ̀.

Ẹ má sì gé orúkọ kúrú lórí fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń fi owó ránṣẹ́. Bí ìwé ìdánimọ̀ bá ní Olúwaṣeun, tí ẹ kọ Ṣeun, bánkì lè má san án.

Láti ọ̀dọ̀: Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ díẹ̀. "Ìfọ́nká" ló ń bí mi nínú. A kì í fọ́n láìsí afọ́nni. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí ní Kúbà àti Nàgó ní Bràsíìlì, ẹlòmíì ló fọ́n wọn, ọkọ̀ ẹrú ló kó wọn. Nọ́ọ̀sì tó gba físà lọ sí London, ta ló fọ́n ọn?

Àwọn àgbà ayé ọjọ́un mọ orúkọ í sọ. Ibi tí ẹni tó padà dé ti ń bọ̀ ni wọ́n wò: Sàró ni ẹni tó ti Sierra Leone dé, Àgùdà ni ẹni tó ti Bràsíìlì dé. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó, 1894, Sàró ló náwó sí i, Àgùdà ló kọ́ ọ. "Àfiránṣẹ́" kò lè gba ọgbọ́n iṣẹ́ Àgùdà yẹn mọ́ra; orí èèyàn ló bá wálé.

"Ọmọ ìdálẹ̀" ni tèmi. Ohùn òkè ni kí ẹ fi sórí dá o. Bó bá wálẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn.

Láti ọ̀dọ̀: Akọ́mọlédè, Abẹ́òkúta

Ìyá wa, tí ẹ bá yọ owó kúrò, lẹ́tà ńkọ́? Ẹrù ńkọ́? Àfiránṣẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹni tó ti Ìbàdàn lọ sí Kánò náà wà ní ìdálẹ̀, kò sì tíì sọdá omi kankan.