Ọmọ mi jẹ́ ọmọ Tháílándì: báwo ni mo ṣe lè gba àyè ọdún kan lórí rẹ̀?

Tíṣà Nonthaburi:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Tháílándì níbí, Non-B, ìyẹn físà iṣẹ́, ló sì wà nínú páspọ́ọ̀tù mi. Iléèwé ti sọ fún wa pé bí sáà yìí bá ti parí, àwọn ò ní gbà wá padà. Mo ní ọmọbìnrin kan tó ti pé ọdún mẹ́ta. Ọmọ Tháílándì ni ìyá rẹ̀. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, àmọ́ a ò tíì ṣe ìgbéyàwó tìwétìwé. Mo gbọ́ pé ẹni tó bá bímọ fún wọn lè gba àyè láti gbé ibí fún ọdún kan, kó sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Orúkọ mi wà nínú ìwé ìbí ọmọ, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ará Nàìjíríà ni bàbá. Ṣé ìwé yẹn ti tó? Èló ni wọ́n ń fẹ́ rí ní báǹkì? Ṣé dandan ni kí n jáde nílùú kí n tó yí i padà? Ẹ mọ̀ pé páspọ́ọ̀tù tiwa kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé sáré lọ Laos tó múlé ti ibí láti lọ gba físà, sáré bọ̀.

Bàbá Ìbejì:
Àbúrò, Ọlọ́run á wo ọmọ náà. Ìwé ìbí yẹn kò tó, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọsẹ̀.

Lójú òfin wọn, ọmọ tí obìnrin bí láìsí ìgbéyàwó, ti ìyá nìkan ni. Abala 1546 nínú ìwé òfin wọn, Civil and Commercial Code, ló sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ kí aráyé mọ ẹni tó bí ọmọ, àmọ́ kò sọ ọ́ di bàbá lábẹ́ òfin, bàbá lábẹ́ òfin sì ni ìmígíréṣọ̀n ń wá. Abala 1547 la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀: kí ìwọ àti ìyá ọmọ fẹ́ra yín ní amphoe (ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò wọn), tàbí kí o forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní amphoe pé tìrẹ ni, tàbí kí ilé-ẹjọ́ dá a bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì yẹn ló dà bíi pé ó rọrùn jù, òun ló sì máa ń tan èèyàn. Abala 1548 ní ìyá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta wo ló fẹ́ dúró níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba kó ní òun gbà? Ọ̀pọ̀ amphoe ló máa ń fẹ́ kí ọmọ tó nǹkan bí ọdún méje kí wọ́n tó bi í léèrè. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Ọ̀dọ́ àti Ẹbí ni wọ́n á darí yín sí. Owó agbẹjọ́rò ń bẹ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ń bẹ níbẹ̀. Bí àárín ẹ̀yin méjèèjì bá gún, ẹ lọ ṣe ìgbéyàwó ní amphoe. Ọmọ á di tìrẹ lábẹ́ òfin láìsí pé adájọ́ kankan dá sí i, wọ́n á sì kà á sí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i.

Ìyá Dára:
Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó máa lé e lọ sí amphoe, ẹ bi í ní nǹkan kan ná: ṣé kò síyàwó nílé? Abala 1452 kò gba kí ẹni tó ti ní aya tún fẹ́ òmíràn. Iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Bangkok lo ti máa gba ìwé pé o kò ní aya, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Thai, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn á lu òǹtẹ̀ lù ú, ìgbà yẹn ni amphoe tó máa gbà á. Ìbúra ni ìwé yẹn o. Mi ò ní kó o dáhùn ní gbangba, àbúrò mi, dá ara rẹ lóhùn.

Tíṣà Nonthaburi:
Ìyá Dára, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín 😂 Kò síyàwó kankan nílé, mà. Àwọn òbí mi gan-an ló ń pariwo pé kí n gbé ìyàwó wálé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Gbogbo wàhálà yìí ńkọ́? Ejẹ́ńtì wà nílẹ̀ tó máa fi owó sí àkáǹtì rẹ, tó máa bá ọ gba òǹtẹ̀, ìwọ ò tiẹ̀ ní dé ọ́fíìsì. Sanwó, kó o sùn.

Alàgbà Pratunam:
Ọmọ Ìjẹ̀bú, má ti ọmọ ọlọ́mọ sí kòtò. Òǹtẹ̀ tí èèyàn ò mọ bó ṣe dénú páspọ́ọ̀tù òun, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó ṣàlàyé rẹ̀ ló máa mọ iye tó jẹ gan-an. Àwa tí wọ́n ń dá dúró lójú títì béèrè páspọ́ọ̀tù ni kí ìwé wa mọ́ jù. Àti pé òun ní ọmọ, ó ń gbé pẹ̀lú ọmọ. Kí ló fẹ́ fi èrú ṣe?

Tíṣà, gbọ́ ti owó. 400,000 báàtì ní báǹkì Tháílándì, lórúkọ ìwọ nìkan, kó sì ti pé oṣù méjì níbẹ̀ kó o tó gbé ìwé lọ. Bí kò bá sí ìyẹn, kí owó tó ń wọlé fún ọ tó 40,000 báàtì lóṣù, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ní tìrẹ, iṣẹ́ ń tán lọ, nítorí náà má gbára lé owó oṣù. Báǹkì ni kó o gbájú mọ́, kó o sì tètè kó o síbẹ̀ kí oṣù méjì lè pé kí sáà tó parí. Láàárọ̀ ọjọ́ tó o bá ń lọ, gba lẹ́tà ní báǹkì, kó o fi báàtì díẹ̀ wọlé tàbí kó o yọ ọ́ kí ìwé báǹkì lè ní ọjọ́ náà lára. Fóòmù TM.7, tí wọ́n fi ń béèrè àfikún àyè, ni wàá kọ, 1,900 báàtì ni wàá san.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún èèyàn: ìwọ lè béèrè lórí aya, o sì lè béèrè lórí ọmọ. Iye owó kan náà ni. Bí èmi bá ni ọ́, orí ọmọ ni màá gbé e lé. Ọjọ́ tí ìgbéyàwó bá tú, àyè tó dúró lórí aya tú pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkọ̀sílẹ̀ kò sọ pé o kì í ṣe bàbá ọmọ rẹ mọ́. Kí ọmọ ṣáà má tíì pé 20 ọdún, kó má tíì lọ́kọ, kẹ́ ẹ sì jọ máa gbé gẹ́gẹ́ bí ẹbí.

Bàbá Ìbejì:
Alàgbà ti sọ òtítọ́. Ní ti jíjáde nílùú: Non-B tó wà lọ́wọ́ rẹ, Non-Immigrant náà ni. Gbé ìwé rẹ lọ kí iṣẹ́ tó tán, kí wọ́n yí ìdí tó o fi ń gbé ibí padà láti iṣẹ́ sí ọmọ. Kọ́kọ́ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n Nonthaburi, torí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀.

Fetí sí èyí dáadáa. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni àyè rẹ parí, bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú òǹtẹ̀ tiẹ̀ ṣì kù oṣù mẹ́rin. Wọ́n lè fún ọ ní ọjọ́ méje láti fi palẹ̀ mọ́, 1,900 báàtì náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, 500 báàtì lójúmọ́ ni owó ìtanràn, títí dé 20,000. Owó yẹn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún ọ. Bí wọ́n bá mú èèyàn níta tí àyè rẹ̀ ti kọjá, ọjọ́ kan péré ì báà jẹ́, wọ́n lè lé e lọ kó má padà wá fún ọdún márùn-ún.

Ìyá Káyọ̀dé:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, torí orí ọmọ ni mo fi ń gbé Chonburi. Èmi ni ìyá, bàbá ọmọ mi ni ọmọ Tháílándì, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi mí bóyá èmi ni mo bí i 😄 Ibi tí tiwa ti le ni ká fi hàn pé bàbá ọmọ ni bàbá ọmọ lóòótọ́, kí ọmọ tó jẹ́ ọmọ Tháílándì.

Tíṣà, múra sílẹ̀ fún fọ́tò. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú ilé, kí nọ́ńbà ilé hàn. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní pálọ̀, nídìí oúnjẹ, nínú yàrá. Ya àwòrán ọ̀nà ilé yín sórí bébà. Mú sutibat (ìwé ìbí) ọmọ dání, tabien baan (ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ará ilé) tí orúkọ ọmọ wà nínú rẹ̀, káàdì ìyá ọmọ, àti ìwé ìgbéyàwó. Mú ọmọ fúnra rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn òṣìṣẹ́ wá sílé. Ọ̀kan jókòó lórí ilẹ̀ bíi ti àlejò gidi, ó nàka sí mi, ó bi ọmọ mi pé ta nìyí. Ọmọ ní "mâe", ìyẹn ìyá. Ó tún bi í pé kí ni mâe ń sè. Ọmọ ní "àmàlà". Ọkùnrin náà wo èkejì rẹ̀, ó ní kí n sípẹ́lì rẹ̀ fún òun, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀! Wọ́n lọ bá aládùúgbò náà sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lu òǹtẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ fún mi pé àwọn ṣì ń wò ó, ẹ̀yìn ìyẹn ni ọdún kan tó jáde.

Rí i pé onílé yín ti fi TM.30, ìyẹn fóòmù tí onílé fi ń sọ fún ìmígíréṣọ̀n pé àjèjì ń gbé ilé òun, sílẹ̀ lórúkọ rẹ. Wọ́n á dá ọ padà tí kò bá sí.

Tíṣà Nonthaburi:
Àmàlà ní Chonburi! Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìbéèrè méjì ló kù: bí mo bá gbà á tán, ṣé mo lè máa ṣiṣẹ́? Ṣé mo sì lè lọ sílé fún Kérésì?

Alàgbà Pratunam:
Iṣẹ́: àyè láti gbé ni wọ́n fún ọ, kì í ṣe àyè láti ṣiṣẹ́. Work permit, ìyẹn ìwé àṣẹ iṣẹ́, ṣì jẹ́ dandan, agbanisíṣẹ́ tuntun ló máa bá ọ gbà á. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ẹnu iṣẹ́ láìní in, láti 5,000 dé 50,000 báàtì ló máa san, wọ́n á sì dá a padà sílé. Èrè àyè orí ọmọ yìí ni pé bí iléèwé kan bá tún dá ọ dúró lọ́la, kò ní ba àyè rẹ jẹ́ mọ́.

Kérésì: fi fóòmù TM.8 gba àṣẹ àtipadà wọlé kó o tó jáde, 1,000 báàtì fún ẹ̀ẹ̀kan, 3,800 fún iye ìgbà tó bá wù ọ́ láàárín ọdún náà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú láìgbà á, àyè ọdún kan rẹ̀ ti di òfo nìyẹn, iléeṣẹ́ aṣojú Tháílándì ní Abuja ló ti máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó o sì mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání nígbà tó o bá ń bọ̀. Bí o bá jókòó síbí láìjáde, wàá máa fi fóòmù TM.47 sọ ibi tí ò ń gbé fún ìmígíréṣọ̀n ní gbogbo 90 ọjọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹ fi ejẹ́ńtì mi sílẹ̀ 🙏🏾

Tíṣà Nonthaburi:
Mo ti bá ìyá ọmọ sọ ọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń dúró kí n mú ọ̀rọ̀ amphoe wá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ gba ìwé ní iléeṣẹ́ aṣojú. Ṣé ẹlẹ́rìí méjì ni amphoe ń fẹ́?

Ìyá Dára:
Méjì ni, kí wọ́n mú káàdì wọn dání. Wá ògbufọ̀ tó gbọ́ Thai dáadáa, kó má jẹ́ ìyàwó lo máa fi ṣe ògbufọ̀ o.