Kí ni ẹ ti ṣe rí kí erin má baà parẹ́? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Abẹ́fẹ́: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Láti ọdún 2021 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá inú igbó, ti kéde pé erin inú igbó kìjikìji ilẹ̀ Áfíríkà ti dé bèbè ìparun, erin inú ọ̀dàn náà sì wà nínú ewu. Ẹ má sọ ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe fún mi o, ìyẹn ti sú wa í gbọ́. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ni mo fẹ́ mọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹnìkan fẹ́ ta ẹ̀gbà ọwọ́ kan fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ti ìyá ìyá òun ni, ó ti pẹ́, kò sí wàhálà níbẹ̀. Mo ní kó ya àwòrán ojú ibi tí wọ́n ti gé e kí n rí i dáadáa. Ìlà tíntìntín tó ń kọjá lórí ara wọn bí àwọ̀n ló wà níbẹ̀ ketekete. Egungun màlúù kì í ní in, rọ́bà kì í ní in. Eyín erin ni. Mi ò bá a jà, mi ò sì rà á. Mo fi ẹjọ́ sun àwọn tó ni ìkànnì náà, wọ́n sì yọ ìpolówó rẹ̀ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kọ́lá: Wọ́n yọ ọ́, ó sì gbé e lọ síbòmíràn. Kí la wá rí jẹ níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Kó máa gbé e kiri. Ibi yòówù tó bá gbé e dé, ẹlòmíràn á tún fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Dúpẹ́: Tèmi ò pọ̀. Mò ń dá owó kékeré fún Sheldrick Wildlife Trust ní Nairobi, àwọn tó ń tọ́ ọmọ erin tí wọ́n ti pa ìyá rẹ̀. Ìgò ni wọ́n fi ń fún un ní wàrà, olùtọ́jú rẹ̀ á sì sùn tì í mọ́jú.

Olóko: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀. Ta ló ti bá erin pín ilẹ̀ gbé nínú gbogbo yín? Ẹ̀bá igbó ọba ni oko wa wà. Àgbàdo ti gbó, ó ku ká ya á. Lóru la gbọ́ tí igi ń ṣẹ́. Ẹ wo bí erin ṣe ń ṣe é: á fi ọwọ́jà fa àgbàdo tu tìdítìdí, á gbá a mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí yẹ̀pẹ̀ gbọ̀n dànù, kó tó wá jù ú sẹ́nu. Kò kánjú rárá. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, iṣẹ́ ọdún kan ti lọ. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ní òun mọ ẹni tó máa wá yìnbọn fún wọn, ẹni yẹn á kó eyín lọ, àwa á sinmi. Ẹ má bú u, ebi ló ń sọ̀rọ̀.

Ṣeun: Háà. Ẹ kú ìrọ́jú o.

Tíṣà: Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Erin àgbà kan lè jẹ tó 150 kílò lóòjọ́. Bí agbo kan bá wọ oko, kí ló kù? A ò lè máa sọ fún àgbẹ̀ pé kó fẹ́ràn ohun tó ń jẹ ẹ́ run.

Kọ́lá: Mi ò gbà o. Olówó tó ń ra eyín ló jẹ̀bi. Ẹ yé gbé e ka tálákà lórí.

Olóko: Bùrọ̀dá Kọ́lá, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. A ò pe oníbọn náà. Àwọn kan wá kọ́ wa bí a ṣe ń fi oyin ṣọgbà, irú èyí tí Lucy King, onímọ̀ kan tó ń ṣèwádìí nípa erin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ dán wò ní Kẹ́ńyà. A so ilé oyin mọ́ òpó yí oko ká, a fi wáyà so wọ́n pọ̀. Bí erin bá fara kan wáyà, ilé oyin á mì, oyin á tú jáde. Awọ erin nípọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oyin mọ ẹ̀bá ojú, ó sì mọ inú ọwọ́jà. Nígbà tí wọ́n padà wá, ìyá àgbà inú wọn ló kọ́kọ́ kàn án. Ó gbọn orí jìgìjìgì, ó kùn lọ́fun, gbogbo agbo bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ṣeun: Àjànàkú ń sá fún oyin! Ẹ ò rí ayé.

Ọmọ Ọdẹ: Bàbá mi ò ní gba èyí gbọ́ láéláé. Ṣé gbogbo ìgbà ló ń ṣiṣẹ́ ni, àbí ẹ kàn ń dùn wá nínú?

Olóko: Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Tí ọ̀dá bá dá, oyin á ṣí lọ, ilé òfìfo ò sì lè lé erin. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bàjẹ́ ti dín kù gan-an, a sì ń rí oyin tà.

Abẹ́fẹ́: Ẹ tà fún wa níbí!

Títí: Èmi kọ̀ láti gun erin nígbà tí a lọ sí Thailand. Ìkọ́ irin wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dà á, àpá sì kún ẹ̀yìn etí erin náà. A kúrò níbẹ̀, a lọ síbi tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn gùn ún tàbí kó wẹ̀ ẹ́. Ọ̀ọ́kán lèèyàn ti ń wò ó.

Kọ́lá: Ọ̀rọ̀ owó yìí ṣì ń dùn mí. Kẹ́ńyà dáná sun eyín tó tó 105 tọ́ọ̀nù lọ́dún 2016. Kí ló dé tí wọn ò tà á, kí wọ́n fi san owó àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó?

Tíṣà: Tí wọ́n bá tà á, báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó bófin mu yàtọ̀ sí ti olè? Láti 1989 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti fòfin de òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè. Ṣáínà náà ti ọjà tirẹ̀ pa ní ìparí 2017.

Ọmọ Ọdẹ: Ṣé wọn ò lè gé eyín náà láìpa á ni?

Tíṣà: Nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan wà nínú agbárí. Olè fẹ́ gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa á. Nǹkan bí oṣù 22 sì ni erin fi ń lóyún ọmọ kan ṣoṣo.

Dúpẹ́: Oṣù 22! Ìyá erin, ẹ kú iṣẹ́.

Kọ́lá: Olóko, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń dáko nítòsí igbó ọba, erin ò jẹ́ kó sùn. Báwo ni ilé oyin kan ṣe máa jìnnà sí èkejì?

Olóko: Bíi mítà 10. Kó má so ó nítòsí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré o, kó sì wá ẹni tó mọ oyin tọ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀.