Gíga bíìtì CNC mi ò dúró sójú kan, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Tankẹ níbí ni mo ti ń fi CNC kékeré (ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí), oríṣi 3018, fín wàláà fún àwọn ọmọ kéú tó fẹ́ ṣe wòlímọ̀. Bíìtì, ìyẹn irin tó ń gbẹ́ igi, ti mílímítà 3 ni mo fi ń gbẹ́ etí rẹ̀, màá wá pààrọ̀ sí ẹlẹ́nu ṣóńṣó fún lẹ́tà Lárúbáwá. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bébà ni mo ń tẹ́ sórí pákó, màá sọ bíìtì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí bébà ò fi ní ṣeé fà mọ́. Lánàá, Bísímílà jinlẹ̀ lápá ọ̀tún débi pé àwọn àmì orí lẹ́tà di ihò. Nígbà tó fi dé apá òsì, ńṣe ló kàn ń ha pákó. Wàláà kẹta tó bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, mi ò fẹ́ kó rí jágajàga.

Ọmọ ẹgbẹ́, Ọ̀fà: Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá. Ká ní òdo bíìtì, ìyẹn gíga tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka jíjìn, nìkan ló ṣì ni, gbogbo lẹ́tà ni ì bá jinlẹ̀ bákan náà. Tí ọ̀tún bá jìn tí òsì ò jìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pákó yín ló dagun, tàbí kí ibi tẹ́ ẹ gbé e lé má tẹ́jú. Ẹ de MDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi ṣe) mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fá ojú rẹ̀, ẹ má sì tú u mọ́. Ẹlẹ́nu ṣóńṣó ò gba ìfojúdi: ti díígírì 60, tó bá fi mílímítà 0.2 péré wọlẹ̀ jù, ojú ìlà á fi bíi 0.23 fẹ̀ sí i. Òun ló jẹ àwọn àmì yẹn.

Ọmọ ẹgbẹ́, Òmù-Àrán: Bébà náà nípọn tó bíi mílímítà 0.1, ṣé ẹ máa ń yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò? Irin pẹlẹbẹ ni mo ń lò báyìí. Wáyà kan láti ara ẹ̀rọ wà lára irin, kílíìpù wáyà kejì á gbá bíìtì mú. Bí irin àti bíìtì bá ti fara kanra, ẹ̀rọ á dúró. Àṣẹ G91 G38.2 Z-20 F50 ni mo ń tẹ̀ kí bíìtì lè máa sọ̀ kalẹ̀ wá kan irin, lẹ́yìn náà G90, kí n tó fi G10 L20 P1 Z sọ bí irin ṣe nípọn tó. Ẹ fi kálípà wọn irin yẹn fúnra yín o. Wọ́n kọ mílímítà 20 sára tèmi, 19.6 ni mo bá. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ fi irin kan bíìtì, kí ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà rí i. Mo gbàgbé kílíìpù lọ́jọ́ kan, bíìtì kán.

Ọmọ ẹgbẹ́, Ọjà-Ọba: Bíìtì kejì gbọ́dọ̀ mú òdo níbi tí èkíní ti mú un gẹ́lẹ́, kì í ṣe ibi tí èkíní ti gbẹ́. Ẹ nu ìyẹ̀fun igi inú collet (ibi tó ń di bíìtì mú), kí ẹ sì fi máákà sàmì sára bíìtì. Bí àmì yẹn bá sún, bíìtì ti ń yọ̀ wálẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo gbé rúlà irin lé ibi tí mò ń gbé pákó lé, ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀ lápá òsì. Mo ti de MDF mọ́ ọn. Iná ni mo ń dúró dè.