Ìdáhùn: "eré fídíò alágbèéká" kọ́ o, ayò àfìkatẹ̀ ni

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Ìbàdàn kọ ọ́ pé "eré fídíò alágbèéká" ni ká máa pe àwọn géèmù kéékèèké tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ láyé ijọ́un, àbúrò wa kan láti Ṣábẹ, ní Benin níbí, ní òun fẹ́ràn "ayò àdáta" jù torí ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta á. Mo ka méjèèjì, mo tún wọn kà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè gba tiyín. Ti àbúrò sún mọ́ ọn, ó kù díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n mú fídíò ná. Eré fídíò tòótọ́ wà, irú Odyssey tí ilé-iṣẹ́ Magnavox tà ní 1972, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń so ó mọ́, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Àmọ́ ẹ wo Auto Race, eré ìdíje ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Mattel gbé jáde ní 1976, òun tí wọ́n máa ń kà sí àkọ́kọ́ nínú ìdílé tí à ń sọ yìí. Kò sí àwòrán kankan lójú ẹ̀. Iná pupa tín-ín-tín lásán ni, ọ̀kan nísàlẹ̀ ni ọkọ̀ tìẹ, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ látòkè ni ọkọ̀ tó o máa yà fún. Ọpọlọ inú ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rọ ìṣirò ni, Rockwell ló ṣe é, Mark Lesser ló sì kọ ètò sí i, gbogbo ètò ọ̀hún ò ju 512 báìtì lọ. Ẹ rò ó wò, ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ ránṣẹ́ sí yín yìí pọ̀ jù ú lọ dáadáa.

Ẹ tún wo Game & Watch ti Nintendo, 1980, Ball ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Gunpei Yokoi tó ronú ẹ̀ kàn, inú ọkọ̀ ojú irin ló ti rí ọkùnrin kan tó ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò ṣáá láti fi pa àkókò, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti wá. Ojú ẹ̀ náà, irú ojú ẹ̀rọ ìṣirò ni. Ọkùnrin tó ń ju bọ́ọ̀lù sókè nínú ẹ̀, kì í rìn rárá, wọ́n ti ya ọwọ́ ẹ̀ síbi gbogbo tó lè dé sínú gíláàsì tẹ́lẹ̀, èyí á hàn, èyí á parẹ́, ojú wa ló ń sọ pé ó rìn. Ẹ̀rọ ìṣirò ni ìyá ẹ̀rọ yìí, ibi tí wọ́n sì bí ọmọ sí ló yẹ ká ti wá orúkọ ẹ̀. Kí là ń ṣe sí ẹ̀rọ ìṣirò? Ìka là ń fi tẹ̀ ẹ́.

Ti "alágbèéká", kò pọ̀. Ohun tí wọ́n ń gbé ká ni, bẹ́ẹ̀ rédíò tó ní ọwọ́ náà alágbèéká ni, tẹlifóònù náà alágbèéká ni. Kò sọ nǹkan kan fún mi nípa ohun tí ọwọ́ ń ṣe.

Àbúrò mi ti Ṣábẹ, ọ̀rọ̀ ẹ dùn, àní mo fẹ́ gbà á tẹ́lẹ̀. Ohun tó dá mi dúró ni eré kan tó ń jẹ́ Simon. Ilé-iṣẹ́ Milton Bradley ló tà á ní 1978, Howard Morrison àti Ralph Baer ló ṣe é (Baer yìí kan náà ló wà nídìí Odyssey). Ó rí roboto bí àwo, àwọ̀ mẹ́rin, pupa, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Iná á tàn, á dún, ìwọ náà á tẹ ibẹ̀, á tún fi ọ̀kan lé e, títí orí ẹ ò fi ní gbà á mọ́. Àwọn èèyàn máa ń jókòó yí i ká tẹ̀ ẹ́ ni. Àdáta kọ́ nìyẹn.

Mo sì rí i lójú ara mi ní Kétu ti Benin. Nígbà ìsinmi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó ń ná ọjà Kútọnù mú ọ̀kan bọ̀, irú èyí tí bíríkì ń já bọ́ látòkè, ti àwọn ará Ṣáínà. Ọmọ méje là ń dúró dè é. Ìdérí ibi pílì ti sọnù, rọ́bà la fi dè é (pílì là ń pè é níbí, ẹ̀yin ti Nàìjíríà ẹ ń pè é ní bátìrì), tí ojú ẹ̀ bá ti ń ṣú, a ó yọ pílì sórí páànù lọ́sàn-án kó yá oòrùn, ó tún lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i. Bọ́tìnnì apá ọ̀tún ti jẹ, èékánná lo máa fi tẹ̀ ẹ́. A ò ní orúkọ kan fún un ju "jeu" (eré, lédè Faransé) lọ, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wa ń pariwo ni "ó kàn mí, jẹ́ n tẹ̀ ẹ́!" Tẹ̀ là ń sọ. Tí bíríkì bá sì kún dókè, ẹni tó dúró lẹ́yìn ẹ á ní "ó ti pa ọ́ láyò." Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà lẹ́nu ọmọdé kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, mo kàn so wọ́n pọ̀ ni: ayò àfìkatẹ̀.

Ìyá wa kan níbí bi mí pé ayò wo ni kò ní ọpọ́n, tí kò ní ọmọ. Màá dáhùn o. Microvision, Milton Bradley, 1979, Jay Smith ló ṣe é, nínú àwọn tí wọ́n ń mú lọ́wọ́, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe tó o lè yọ eré kan kúrò lójú ẹ̀ kó o ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ọpọlọ ẹ̀ ò sí nínú ara ẹ̀, inú èyí tí wọ́n ń yọ yẹn ló wà. Ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ojú, pílì, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń yí lọ. Ọpọ́n nìyẹn o, ìyá mi, ọpọ́n tí wọ́n ti kó ọmọ kúrò nínú ẹ̀. Torí náà èyí tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ yẹn, tí ẹ̀gbọ́n ń pè ní "káàsẹ́ẹ̀tì", ọmọ ayò ni mo ní ká máa pè é, ti Game Boy tí Nintendo ṣe ní 1989 náà á sì máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́nikẹ́ni bá ní ọmọ ayò gbọ́dọ̀ pé méjìdínláàádọ́ta, kó wá bá mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), màá gbé ọpọ́n síta, a ó tún un sọ.