Báwo ni a ṣe lè dá oògùn oorun màmá wa dúró láìséwu?

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì àárín wa, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ọdún 9 ni màmá wa, ẹni ọdún 74, ti fi ń lo diazepam lálaalẹ́, láti ìgbà tí bàbá wa ti kú tí oorun sì dá lójú wọn. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Nígbà tí wọ́n dá a dúró lójijì, ara wọn ń gbọ̀n, wọn kò sì sùn fún ọjọ́ mẹ́ta; irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ lè fa gìrì. Dókítà àdúgbò wa ní kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò yá jù fún ẹni ọjọ́ orí wọn, kí ni ẹ sì máa ń ṣe ní òru tí oorun bá kọ̀?