Inkscape tó gbé mi lọ Kútọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ wá sọ tiyín náà

Ọmọ_Ìtòkú:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí mi tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú ló ní ó ti sú òun láti máa fi bírò ya báátànì, kí n bá òun fi Inkscape, ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán, sórí kọ̀ǹpútà àlòkù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ubuntu 20.04, irú Linux kan, ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe Windows. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀bù yẹn dà bí ẹni tó jẹ gbèsè, bó bá yọjú báyìí ó ti tún sá wọlé. Mo ní kò burú, mo máa lọ dáńlóòdù ẹ̀ sórí fíláàṣì ní kàfé kan ní Kútọ̀, mo máa gbé e dé, ó parí.

Ó parí kẹ̀! Fáìlì kan péré ni mo gbé dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo tẹ dpkg -i, àṣẹ tó ń fi fáìlì .deb sórí kọ̀ǹpútà, ó ní "dependency problems", pé àwọn fáìlì míì tó gbára lé kò sí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn, libgsl27, libmagick++ báyìí báyìí, bí ìyá ìyàwó tó ń ka orúkọ àwọn tó máa gba aṣọ ẹbí. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ìwé báátànì Àǹtí, mo gun ọ̀kadà padà sí Kútọ̀. Mo kó wọn dé, àwọn náà ní àwọn ò lè dá wá, ẹbí tiwọn náà ńkọ́. Mo tún lọ. Ìkẹta yìí, ọ̀kan ní òun fẹ́ libc6 tó ga ju tilẹ̀ lọ, 2.31 ló wà lórí kọ̀ǹpútà, mo sì ti gba 2.35 wá ní tèmi, mo ti tẹ dpkg, ó ku Enter. Ọlọ́run ló ní kí n kọ́kọ́ pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbarà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó pariwo lórí fóònù, "Má tẹ̀ ẹ́ o! Orí libc6 yẹn ni gbogbo ilé dúró lé, títí kan bash tó ń gba àṣẹ tó o ń tẹ̀ yẹn, tó bá dàrú kọ̀ǹpútà lè má jí mọ́." Ó wá bi mí, "Inkscape ti Ubuntu wo gan-an lo gbà?"

Mo wo fóònù mi. 22.04. Èyí tó kọ́kọ́ yọ ni mo tẹ̀. Lórí 20.04, libgsl23 ló ń jẹ́, kì í ṣe libgsl27. Láti ọjọ́ yìí, bàtà nọ́ńbà 45 ni mo ń rà fún ẹni tó ń wọ 40!

Ohun tó ní kí n ṣe rèé. Ó fún mi ní fíláàṣì tí Ubuntu 20.04 wà lórí ẹ̀, ní kí n bẹ ọlọ́kàfé kí n fi tan kọ̀ǹpútà ẹ̀ láì fi nǹkan kan síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 20.04 sí àti èyí tó ń ti orí fíláàṣì ṣiṣẹ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì, ọ̀pọ̀ ohun tí ọ̀kan ò ní, èkejì ò ní i. Mo ṣí universe, apá ibi tí Inkscape wà nínú ilé ìpamọ́ Ubuntu, mo ṣe apt update kó gba àkójọ orúkọ àwọn ètò wá, mo wá tẹ:

sudo apt-get install --download-only inkscape

Kò ní fi sórí ẹ̀, ó kàn máa kó gbogbo ẹbí jọ sínú /var/cache/apt/archives, ìwọ á wá kó wọn. Ó kó wọn jọ tán, mo ń wá fíláàṣì kejì nínú àpò, wọ́n mú iná lọ. Ẹ rántí pé orí RAM, ibi tí nǹkan ń pa rẹ́ tí iná bá lọ, ni gbogbo ẹ̀ wà. Ó lọ ráúráú! Ọlọ́kàfé ń wá pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀, èmi ń wo ojú ara mi nínú síkírìnì dúdú. Nígbà tí iná jẹnẹrétọ̀ dé, mo tún un ṣe, mo kó o kí n tó mí pàápàá. Ní ṣọ́ọ̀bù, sudo dpkg -i *.deb, ó sáré kọjá, Inkscape ṣí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Camp:
Tèmi, pip ni, ètò tó ń gba àwọn irinṣẹ́ Python wá. Mo fi laptop mi, Windows, Python 3.11, ṣe pip download pandas (irinṣẹ́ tí a fi ń tú dátà), mo gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe project, Linux ni, Python 3.8, ó ní "not a supported wheel on this platform", pé fáìlì yẹn ò bá kọ̀ǹpútà yìí mu. Mo bínú títí, àfi ìgbà tí mo wo orúkọ fáìlì dáadáa, cp311 (Python 3.11), win_amd64 (Windows), wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà bí àkọlé ẹ̀yìn dánfó. Mo padà lọ tẹ èyí:

pip download pandas --only-binary=:all: --python-version 3.8 --platform manylinux2014_x86_64 -d eru

pandas 2.0.3 ló dé, torí 2.1 ò gba 3.8 mọ́. Àwọn márùn-ún ló tẹ̀ lé e: numpy, python-dateutil, pytz, tzdata, àti six tí dateutil fà lọ́wọ́ wá. Mo gbé fódà eru yẹn lọ sórí kọ̀ǹpútà project, mo ṣe pip install --no-index --find-links eru pandas. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé --no-index yẹn, á máa wá íntánẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìyá_Tàpá_Pánṣẹ́kẹ́:
Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ ṣe é o. Windows ni tèmi ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà mi. Wọ́n fún mi ní fáìlì kan tí màá fi gbé ètò sórí kọ̀ǹpútà, ó kéré bí eṣinṣin, mo ní ẹ ò rí i bó ṣe yá! Mo tẹ̀ ẹ́ nílé, ó ní kí n so íntánẹ́ẹ̀tì. Àṣé òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ lọ gba ojúlówó wá. Offline installer, èyí tó kó gbogbo ẹ̀ sínú, ni kẹ́ ẹ máa béèrè. Nígbà tí mo rí èyí tó péye tán, VCRUNTIME140.dll, fáìlì Microsoft tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò, tún sọnù, Visual C++ redistributable tó ń kó o wá ló yanjú ìyẹn, mo ti fi sínú fíláàṣì mi títí láé.

Ará_Làfẹ́nwá:
Ọmọ Ìtòkú, kí ló dé tí ẹ ò tẹ apt-get install --print-uris lórí kọ̀ǹpútà Àǹtí, á ka gbogbo líǹkì jáde fún yín?

Ọmọ_Ìtòkú:
Mo gbìyànjú ẹ̀ jàre, "Unable to locate package", kò rí Inkscape, torí kọ̀ǹpútà yẹn ò ṣe apt update rí láyé. Ẹni tó ní àkójọ ló lè lò ó, tí àkójọ bá sì ti pẹ́, 404 (kò sí níbẹ̀ mọ́) ni líǹkì míì á máa fún un, wọ́n á ti fi tuntun rọ́pò ẹ̀ lọ́hùn-ún.

Àǹtí ti ń lò ó o. Ó wo síkírìnì títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ó mọ Ìbàdàndùn yà?" Mo ní ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ. Ó ti ya gbọ̀ngàn Màpó inú báátànì yẹn dé òpó kẹta báyìí, ó ń bú èkúté kọ̀ǹpútà.