Ẹ̀yin tí ẹ ti rù lórí oògùn ọpọlọ, kí ni dókítà yín wí?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí inú mi lè fúyẹ́. Olanzapine ni wọ́n fún mi, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́, àwọn ohùn tó ń yọ mí lẹ́nu lóru dákẹ́, mo sùn. Àmọ́ ebi ẹ̀ yẹn! Màá jẹun yó bámúbámú, tó bá di aago méjì òru màá tún wà níwájú fìríìjì, àfi bíi pé ikùn mi ò ránṣẹ́ sí ọpọlọ mi mọ́ pé òun ti kún. Kílò 19 ni mo fi sanra láàárín oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí mo fẹjọ́ sun dókítà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "èwo lo fẹ́, kí orí ẹ pé ni àbí kí o rí pẹ́lẹ́ńgẹ́?" Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, mo délé mo sunkún.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láràárọ̀, mo jáwọ́ nínú ẹlẹ́rìndòdò àti gbogbo nǹkan dídùn, kílò 11 lọ. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń lọ rí i, mo ti ń ro ohun tó máa sọ lọ́kàn. Ó wo síkéèlì, ó wo fáìlì, kò wo ojú mi, ó ní "ṣé o ṣì ń lo oògùn ẹ ṣá?" Ó ní kí n mú páálí ẹ̀ jáde, ó wá ń fi bírò ka ojú ibi tí mo ti yọ oògùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún yíjú sí àbúrò mi tó sìn mí wá, "ṣé ó ń sùn? ṣé ó ń jẹun?" Èmi rèé lórí àga o! Mo mọ̀ pé ẹni tó bá dá oògùn dúró ní kọ̀rọ̀ lè rù, àìsàn tó bá sì ń padà bọ̀ lè máà jẹ́ kéèyàn jẹun, ìbéèrè ẹ̀ ò burú, ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kó bi.

*

Háà ẹ̀gbọ́n, tiyín tiẹ̀ sàn, wọ́n bi yín ní nǹkan. Èmi, àtẹ́wọ́ ni dókítà pa fún mi. "Wo bí o ṣe rẹwà, kí lo lò?" Kí ni mo lò? Ìrẹ̀wẹ̀sì yẹn ló ti padà dé, ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí oúnjẹ ò kọjá ọ̀fun mi. Mo ní ẹ ṣeun. Mo jáde.

*

Ẹ fi ti lithium, oògùn ọpọlọ tí èmi ń lò, kún un o, torí èyí lè pààyàn. Mo fẹ́ rù kíákíá, mo yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ mi pátápátá, mò ń lọ jíìmù, mò ń làágùn bí ẹni òjò pa, omi tí mò ń mu ò sì tó nǹkan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì mi, mò ń bì, mò ń rìn bí ẹni tó mutí yó. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, lithium inú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Dókítà tí mo bá níbẹ̀ ló ṣàlàyé pé tí iyọ̀ àti omi bá ti dín kù lára, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í há lithium mọ́ra. Kò bá mi wí, ó ní òun ò sọ pé kí n má rù, kí n ṣáà sọ kí n tó bẹ̀rẹ̀, káwọn lè máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lò ó, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ sí mi létí rí.

*

Ẹ̀gbọ́n olanzapine, ṣé wọ́n ti bá yín sọ̀rọ̀ metformin? Dókítà mi àkọ́kọ́ ní oògùn ìtọ̀ ṣúgà ni, pé èmi ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Èkejì ò bá mi jiyàn, ó fi téèpù wọn ìbàdí mi, ó ní kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó kọ ọ́ fún mi. Téèpù yẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu, wọn ò wọ̀n mí rí! Kì í ṣe idán o, ó kọ́kọ́ fún mi ní ìgbẹ́ gbuuru, kílò díẹ̀ ló sì bá mi yọ, àmọ́ ebi yẹn rọlẹ̀.

*

Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa padà lọ, màá bi í nípa metformin yẹn. Àbúrò mi á jókòó síta.